Láti Abomey dé Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé

Ó ṣòro láti rí agbo ilé kan ní Ẹ̀jìgbò, ní Ọ̀lá tàbí ní Másífà tí kò ní ẹnì kan ní Abidjan. Ìrìn-àjò náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun ni ó sọ èdè Faransé di èdè tí a ń gbọ́ láàárín ọjà Ẹ̀jìgbò. Ní ọdún kan tí èmi náà ń lọ kí àbúrò mi lọ́hùn-ún, mo yà ní Kútọnu, mo gba ọ̀nà àríwá lọ sí Abomey, nítorí pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ààfin àwọn ọba Dàhọ̀mì.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ààfin náà, irú amọ̀ tí àwọn bàbá wa fi kọ́lé. Àwòrán kìnnìún, ẹja àti ogun wà lára ògiri, wọ́n sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn wọ́n. Ọba méjìlá ni ó jẹ níbẹ̀ láàárín ọdún 1625 àti 1900, èyí tí ó bá sì jẹ ń kọ́ ààfin tirẹ̀ mọ́ ti aṣáájú rẹ̀. Ní 1892, nígbà tí ọmọ ogun Faransé kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọba Béhanzin ni ó ní kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́. Síbẹ̀, àwọn ìdílé ọba padà sórí ilẹ̀ náà, wọ́n tún un mọ, wọ́n ń rẹ́ ògiri lẹ́yìn òjò. Ní 1985 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan gún mi lọ́kàn. Láti nǹkan bí ọdún 1748 títí di nǹkan bí ọdún 1823 tí Ọba Gezo kọ̀ ọ́, Abomey ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Ààfin ẹni tí ń sin ni mo dúró nínú rẹ̀ yìí. Ti ẹni tí à ń sìn, tí Ẹ̀jìgbò pàápàá wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, dà?

Lẹ́yìn tí mo padà délé, mo wá a lọ. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ pè ní 1991. Nígbà tí òyìnbó tí ń jẹ́ Clapperton dé ibẹ̀ ní 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ tí ó ga tó ogún ẹsẹ̀ bàtà ni ó yí ìlú náà ká, pé yàrà wà lẹ́yìn odi, ẹnubodè sì jẹ́ mẹ́wàá. Kò ju ọdún mẹ́wàá sí i lọ tí ìlú náà fi dahoro, lẹ́yìn ogun tí Aláàfin Olúewu bá Ìlọrin jà tí ó sì bá a lọ.

Kí ni mo rí? Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní igbó lásán ni. Odi ti di òkìtì gígùn tí koríko bò. Àwọn igi oṣè dúró gbagidi níbi tí ènìyàn ti gbé rí. Àpáàdì ń ró lábẹ́ bàtà. Ohun tí ó dá mi dúró jù lọ ni àwọn ojú ọlọ tó wà lára àpáta: kòtò róbótó-róbótó tí ọwọ́ àwọn obìnrin fi ọmọ ọlọ gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó ń dán síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná owó ńlá lọ wo ahoro àwọn Maya ní Guatemala àti Mexico. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú Tikal ti ṣófo láti nǹkan bí ọdún 900, òkúta rẹ̀ ṣì ga ju igi lọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í ṣe òkúta. Ilé amọ̀ tí ènìyàn bá kúrò nínú rẹ̀, òjò ni yóò jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Abomey fi dúró tí Ọ̀yọ́-Ilé fi wó: kì í ṣe ọ̀ràn ọgbọ́n ọwọ́ ọ̀mọ̀lé, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣẹ́kù sílé ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé kò parun, gẹ́gẹ́ bí àwọn Maya náà kò ti parun. Ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ṣì ń sọ èdè wọn títí di òní. Àwọn tiwa bá Àtìbà lọ sí Àgọ́-Ọ̀jà, tí ó di Ọ̀yọ́ òní. Àwọn mìíràn lọ sí Ìbàdàn, àwọn mìíràn sá wá sí agbègbè Ọ̀ṣun. Wọ́n kó orúkọ dání: Akẹ̀sán, Kòso, Bàrà.

Ilé bàbá wa wà lápá Ọ̀lá. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kò sí ẹni tí ó sùn níbẹ̀ mọ́. Páànù ti jábọ́, ògiri yàrá bàbá sì ti di àlàpà. Ní ọdún tí mo dé láti Ọ̀yọ́-Ilé ni àbúrò mi ránṣẹ́ láti Abidjan: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí katakata gbá àlàpà yẹn kúrò, mo fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀.” N kò kọ̀ fún un; owó rẹ̀ ni, ilé rẹ̀ náà sì ni. Mo kàn mú okùn ìwọnlẹ̀ lọ, mo wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ ẹni tí ó sùn síbẹ̀ sínú ìwé. Ọlọ ìyá wa tí ó wà lẹ́yìn ilé ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n wú.