Kí ni a fẹ́ fi èdè Jámánì ṣe?

Ìbéèrè kan wà tí kì í yẹ̀ tí a bá lọ lo ọlidé nílé ní Kemta. Bí a bá ti kí àwọn àgbà tán, wọ́n á béèrè ohun tí à ń kà ní yunifásítì. Tí a bá ní èdè Jámánì ni, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan á ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán ni? Kí lẹ fẹ́ fi ti Jámánì ṣe?" A máa ń fi ẹ̀rín gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń san owó ilé-ìwé bá béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín nìkan kò tó.

Ìdáhùn tí a rí kò jìnnà sílé. Láti Kemta, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé Aké, níbi tí àwọn oníwàásù CMS fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo òyìnbó CMS ló jẹ́ ará Ìlú Ọba. Gollmer, tó ti wà ní Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Crowther láti 1845, ará Württemberg ni. Ibẹ̀ náà ni David Hinderer ti wá, ẹni tó kọ́kọ́ gbé Abẹ́òkúta kó tó lọ dá ìjọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan nígbà náà. Ó di 1871. Ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, èdè kan ni wọ́n ń sọ, bí Ẹ̀gbá, Ìbàdàn àti Ìjàyè ṣe wà lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá jù nínú wọn ni Bühler. CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1853, Bühler sì di olórí rẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò di tíṣà àti katikíìsì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀: báwo ni ìwé tí a ó kọ́ wọn ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Townsend, tó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859, ń bẹ̀rù pé ìwé àpọ̀jù á mú kí wọ́n máa gbéra ga. Bühler ní tirẹ̀ fẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọn gbòòrò.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́ ni Samuel Johnson. Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní 1846, Hinderer ló mú ìdílé rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Bühler ní 1865. Òun ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí títí dòní. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ, tó sì jáde ní 1921. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Johnson kédàárò pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Gíríìsì, Róòmù àti Ìlú Ọba dáadáa, wọn kò sì mọ tilé.

A kò sọ pé Bühler ló ni ìwé yẹn o. Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà ni Johnson ti gbọ́ ìtàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ti ka ìtàn àwọn ẹlòmíràn ló rí i pé tirẹ̀ kò tíì sí nínú ìwé.

Ohun kan tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí wa ní kíláàsì. Ní èdè Jámánì, du ni wọ́n fi ń bá ọ̀rẹ́ àti ọmọdé sọ̀rọ̀, Sie ni ti àgbà àti ẹni tí a kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "wọ́n" náà ni Sie yìí, lẹ́tà ńlá nìkan ló yà á sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Àwa tí a ń pe ìyá wa ní "wọ́n" láti kékeré ti lóye rẹ̀ kí olùkọ́ tó ṣàlàyé tán. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ìdí tí Yorùbá fi ń pe ẹnì kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n pọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kò sí ní Abẹ́òkúta mọ́. Nígbà ìfọ́lé ọdún 1867, tí Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, ó kó lọ sí Èkó. Ní 1896 ó dé Ọ̀yọ́, níbi tó ti di St. Andrew's College.

Tí ìyá yẹn bá tún bi wá, a ó jókòó tì wọ́n, a ó sọ ti Bühler àti Johnson fún wọn. Tí wọ́n bá wá ní ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀, a ó sọ òótọ́: àwa náà ń wá a.