Ìdáṣẹ́sílẹ̀ Nínú Iṣẹ́ Kòṣeémánìí

Nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ọwọ́ sí àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2005, àríyànjiyàn tí ó ti ń jà rànyìn láti ọdún tí ó ṣáájú kò tán nílẹ̀. Ó kàn kúrò ní Ilé Aṣòfin bọ́ sí ìgboro ni.

Epo bẹntiróòlù ni ó dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, ìjọba gbé iye owó lítà kan láti náírà 26 sí 40. Ẹgbẹ́ NLC, tí Adams Oshiomhole jẹ́ olórí rẹ̀, dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, iye náà sì wálẹ̀ sí 34. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e ní ọdún 2004. Láìpẹ́, Ààrẹ gbé àbá òfin síwájú àwọn aṣòfin láti gba ipò àṣẹ lọ́wọ́ NLC, kí ó sì ká ìdáṣẹ́sílẹ̀ lọ́wọ́ kò.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn iṣẹ́ ìjọba mìíràn pa iṣẹ́ tì fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Michael Imoudu sì di akọni lójú wọn. Ní ọdún 1964, nígbà tí ìjọba Balewa ń fi ìròyìn ìgbìmọ̀ Morgan lórí owó ọ̀yà falẹ̀, iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ológun dé. Wọ́n fòfin de ìdáṣẹ́sílẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Ní ọdún 1976 wọ́n ṣe òfin tí olórí ìjọba lè fi pa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ kòṣeémánìí rẹ́. Ta ni ìbá bi wọ́n léèrè? Kò sí Ilé Aṣòfin kankan nígbà náà.

Ìdí nìyẹn tí ìjíròrò ọdún 2004 fi ṣe pàtàkì. Àwọn tí ó ti àbá náà lẹ́yìn wí pé aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì yẹ kí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè ìjà ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn pé bí a bá gba ìdáṣẹ́sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó kù. Wọ́n sì rántí àdéhùn 87 ti àjọ ILO, tí Nàìjíríà fara mọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Àwọn aṣòfin kò gbé àbá náà mì lódidi. NLC kò túká, ṣùgbọ́n a gba àpapọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn láàyè, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ sì di ìfẹ́ inú ẹni.

Òfin náà sọ pé òṣìṣẹ́ kòṣeémánìí kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìyókù lè ṣe é lórí títàpá sí àdéhùn iṣẹ́ nìkan, lẹ́yìn ìlàjà àti ìdìbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ dí òpópónà tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìjìyà rẹ̀ ni náírà 10,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

Ta wá ni òṣìṣẹ́ kòṣeémánìí? Àtẹ òfin ọdún 1976 ni a tún lò. Omi, iná, ilé ìwòsàn àti àwọn panápaná wà níbẹ̀, bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n èbúté, rélùwéè, rédíò, báńkì àti iṣẹ́ ọba fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lójú ILO, iṣẹ́ tí ìdádúró rẹ̀ lè wu ẹ̀mí, ààbò tàbí ìlera àwọn ènìyàn léwu ni kòṣeémánìí. Ní Nàìjíríà, akọ̀wé tí ń to fáìlì àti nọ́ọ̀sì tí ń gbẹ̀bí di ọ̀kan náà. Òfin tí ó ká gbogbo ènìyàn mọ́ báyìí kò sọ iye nọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ gbọdọ̀ fi sílẹ̀ lóru, tàbí ẹni tí yóò máa fa omi. Ohun tí aláìsàn nílò jù lọ ni ó fò dá.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, epo bẹntiróòlù fò láti náírà 65 sí 141. Owó epo kì í ṣe àdéhùn iṣẹ́, ilé-ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ìjọba sọ iye náà kalẹ̀ sí 97.