Ilẹ̀ ń rìn, àwa ni ò mọ̀

1/ Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí báyìí ń rìn. Mi ò ṣàwàdà o. Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe rí i wọ̀n fún yín. 🧵

2/ Lọ́dún 1912, Alfred Wegener, onímọ̀ ojú ọjọ́ ọmọ Jámánì, sọ pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti lẹ̀ mọ́ra rí. Ẹ wo máàpù: èjìká Brazil á wọ kọ̀rọ̀ etíkun tiwa níbí.

3/ Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ìwọ̀n àtijọ́ Greenland wé tuntun kó lè fi hàn pé ó ń sún, àmọ́ àṣìṣe irinṣẹ́ ìgbà yẹn ju ìrìn ilẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ. Ó kú sórí yìnyín Greenland lọ́dún 1930, lẹ́ni 50 ọdún. Kò rí ìdáláre.

4/ Lẹ́yìn 1960 ni ẹ̀rí láti ìsàlẹ̀ òkun tó yí wọn lọ́kàn padà. Ó wá ku kí wọ́n rí ilẹ̀ níbi tó ti ń rìn lọ́wọ́.

5/ Lọ́dún 1978, Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ lọ sójú ọ̀run fún iṣẹ́ ológun. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ de ẹ̀rọ mọ́ àpáta, wọ́n ń kọ ibi tó wà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lọ́dún 10, ó ti di ìlà gbọọrọ: ilẹ̀ ń lọ, bí èékánná ṣe ń gùn.

6/ Ní Japan, ẹ̀rọ tó lé ní 1,200 ló ń ṣọ́ ilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi hàn pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ń ti etíkun àríwá ìlà-oòrùn wọnú, bí ìgbà tá a bá ń tẹ igi tútù. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, igi náà ta padà: ìmìtìtì ilẹ̀ 9.0. Ẹ̀rọ kan ní Oshika sún mítà 5.3 síhà òkun, ó sì rì ju mítà kan lọ. Òkun ya wọ̀lú. Ẹni tó kú àtẹni tó sọnù lé ní 18,000.

7/ Ẹ̀rọ yìí ò lè sọ ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀ o. Ibi tí agbára ń kó jọ sí ló lè fi hàn, ká lè mọ ibi tó yẹ ká ti múra sílẹ̀.

8/ Nàìjíríà náà ní tiwa, NIGNET. Ọ̀kan nínú ẹ̀ wà ní Unilag. Áfíríkà ń forí lé àríwá ìlà-oòrùn, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ lọ́dún. Àmọ́ tí ẹ̀rọ bá kú fọ́dún kan, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè padà lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú wọn. Ohun tí Wegener ò ní ló wà lọ́wọ́ wa yẹn.