Ìrèké, Tábà àti Gbáàgùdá: Àbẹ̀wò sí Àwọn Ìlú àti Oko Recôncavo ní Bahia

1. Ìfáárà

Recôncavo ni a ń pe ilẹ̀ tí ó yí Baía de Todos os Santos ká, níbi tí omi òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Òkè kéékèèké àti odò ni ó kún ibẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò sì fara sin. Òrìṣà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ sábà máa ń wá lọ. Àwọn àlejò mìíràn a máa lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti ilé àwọn olówó. A kò sọ pé èyí kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé inú oko ni okùn tí ó so ilẹ̀ Yorùbá mọ́ Recôncavo ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, irè-oko mẹ́ta, ìyẹn ìrèké, tábà àti gbáàgùdá, ni a óò tọ̀ lẹ́yìn láti ìlú dé ìlú.

2. Ìrèké: Santo Amaro

Ní 1549 ni Tomé de Sousa tẹ Salvador dó sí ẹnu omi yìí. Ìlú náà ni olú-ìlú Bùràsíìlì títí di 1763. Níhà àríwá omi náà, ní Santo Amaro àti São Francisco do Conde, ni púpọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó wúwo, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Massapê ni orúkọ rẹ̀, ìrèké a sì máa ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni àwọn olówó kọ́ engenho sí, ìyẹn oko ìrèké pẹ̀lú ilé tí a ti ń fún un tí a sì ń se omi rẹ̀ di ṣúgà. Ní àsìkò ìkórè, tọ̀sán-tòru ni àwọn ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èrè iṣẹ́ òru wọ̀nyẹn ni a fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé ńlá tí àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí.

Àwọn ẹrú kò káwọ́ gbera. Ní 1816 wọ́n dìde ní Santo Amaro àti São Francisco do Conde. Ní oṣù Kìíní 1835 àwọn Mùsùlùmí, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Nàgó, ìyẹn Yorùbá, dìde ní Salvador. Nígbà tí òfin ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888 sì fòpin sí oko ẹrú, àwọn ènìyàn Santo Amaro bẹ̀rẹ̀ ọdún Bembé do Mercado ní 1889. Inú ọjà ni wọ́n ti ń lu ìlù, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sínú òkun. Ẹ kíyè sí i pé ọjà ni wọ́n yàn, kì í ṣe iwájú ilé olówó.

3. Tábà: Cachoeira àti São Félix

Bí a bá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn láti Santo Amaro, a óò dé odò Paraguaçu. Cachoeira wà ní bèbè kan, São Félix ní èkejì. Afárá onírin tí a ṣí ní 1885 ni ó so wọ́n pọ̀. Ilẹ̀ òkè tí ó wà lẹ́yìn odò náà fúyẹ́ ju massapê lọ, tábà ni ó sì bá a mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbìn ín jẹ́ àgbẹ̀ kéékèèké tí ẹrú wọn kò pọ̀. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń mú ilẹ̀ wọn lọ́ràá.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Tábà tí ó dára jù, Lisbon ni ó ń lọ. Èyí tí kò dára tó, wọn a lọ́ ọ bí okùn, wọn a fi omi ìrèké tí ó ti ki pa á, wọn a sì kó o wá sí etíkun wa. Adùn yìí ni àwọn oníbàárà ní Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó fẹ́ràn, ènìyàn ni a sì ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Pierre Verger ṣe àlàyé òwò yìí ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1968. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ dàrú ní ọ̀rúndún 19, àwọn Yorùbá tí ogun kó pọ̀ jọjọ nínú àwọn tí a ń tà sí Bahia, títí òfin 1850 fi dá òwò náà dúró. Ewé tí a gbìn lẹ́yìn Cachoeira wà lára ohun tí a fi ra ẹni tí yóò wá ro oko níbẹ̀.

Ìlú yìí kan náà ni àwọn obìnrin dúdú ẹgbẹ́ Boa Morte ti ń ṣe ọdún wọn ní oṣù Kẹjọ.

4. Gbáàgùdá: Maragogipe àti Nazaré

Ṣúgà kò ṣeé jẹ yó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olóko ìrèké kò fẹ́ fi ilẹ̀ gbin oúnjẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ń pàṣẹ léraléra pé kí wọ́n gbin gbáàgùdá. Ní 1785 a dá àká gbogbogbòò sílẹ̀ ní Salvador nítorí àìtó oúnjẹ. Maragogipe, Jaguaripe àti Nazaré wà lára àwọn tí ó bọ́ ìlú náà. Kódà, Nazaré das Farinhas ni orúkọ tí a mọ Nazaré sí, bí ẹni pé Nazaré Onígaàrí.

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìdínrin wọn yóò rò pé òun wà nílé: wọ́n ń bó o, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n ń dín in nínú agbada fífẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé àwa máa ń jẹ́ kí tiwa kan. Láti Bùràsíìlì ni àwọn Potogí ti mú gbáàgùdá wá sí etíkun wa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé àwọn Àgùdà tí ó padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n gaàrí kálẹ̀.

5. Ìkádìí

Ìrèké kọ́ ilé, ilé náà sì ń sọ̀rọ̀ dípò olówó. Tábà àti gbáàgùdá kò kọ́ ààfin, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n gbé ìtàn tiwa dání. Títí di òní, ní àfonífojì Iguape lẹ́bàá Cachoeira, àwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú ṣì ń ro oko, wọ́n sì ń mú àlejò rìn káàkiri ilẹ̀ wọn. Òfin Bùràsíìlì ti 1988 fún irú wọn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ baba wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò tí ì rí ìwé ilẹ̀ gbà. Kí ẹni tí ó bá lọ kí òrìṣà ní Recôncavo má ṣe gbàgbé láti kí àgbẹ̀, nítorí bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rí tí kò sí nínú ilé olówó yóò bá a lọ.