Oòrùn Ọ̀sán Lórí Àwọn Tó Ń Kọ́ Èkó

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí mo wà ní SS1, wọ́n gbé bàbá mi wálé láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n ń da dẹ́kìn ilé alájà kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Onígbòǹgbò. Ara wọn gbóná bí ààrò, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé wọn wá sọ fún màmá mi pé, "Màmá, ibà ló ń ṣe wọ́n." Ibà kọ́. Nọ́ọ̀sì tó da omi sí wọn lára, tó sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn, ló sọ fún wa pé, "Oòrùn ló mú bàbá. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè gbé wọn dé."

Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá mi fi sinmi. Ọjọ́ mẹ́rin náà ni owó kò fi wọlé, nítorí owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí wọ́n padà síbẹ̀, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ló kọ́kọ́ sọ pé kí èèyàn máa ṣe iṣẹ́ agbára ní ọ̀sán gangan?

Kì í ṣe àwọn baba wa. Bàbá àgbà mi, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, sọ fún mi pé ìdájí ni wọ́n máa ń lọ sí oko. Bí oòrùn bá ti kàn wọ́n lórí, wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ igi. Bí ọjọ́ bá rọ̀, wọ́n á tún gbé ọkọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ nítorí èyí.

Ìyípadà dé nígbà tí iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Ó gba agbègbè wa, Ìkẹjà àti Agége, kọjá lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Ó gùn tó nǹkan bí 193 kìlómítà. Kò sí katakata nígbà náà. Àdá ni àwọn lébìrà fi ṣán igbó, ọkọ́ ni wọ́n fi wa ilẹ̀, orí ni wọ́n sì fi ru yẹ̀pẹ̀. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò sinmi.

Àwọn òyìnbó ìgbà náà bẹ̀rù oòrùn ilẹ̀ wa gan-an. Akẹtẹ̀ líle ni wọ́n máa ń dé kí ó má bàa pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé oòrùn kò lè ṣe ẹni dúdú ní nǹkan kan. Gómìnà William MacGregor, tó dé Èkó ní 1899, jẹ́ dókítà. Ó gbógun ti ibà, ó pín oògùn kuníínì, ó sì jẹ́ kí wọ́n fa omi kúrò nínú àbàtà. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ ẹ̀fọn ni ó dojú kọ, kì í ṣe oòrùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò dákẹ́ o. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897, Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òde fún ìjọba ní Èkó padà, ó sì fẹ́ gé owó wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀, iye wọn sì tó nǹkan bí 3,000. Ó ya mí lẹ́nu pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn wa ti ń jà nítorí wákàtí iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni òfin ń tẹ̀lé òfin. Ti 1941 sọ pé kí wọ́n san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Òfin mìíràn dé ní 1987, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 2010. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ṣubú ni owó báyìí ń dé. Ní 2011, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó dá àjọ ààbò sílẹ̀, kí wọ́n lè dènà ewu ṣáájú. Èyí dára, àmọ́ bíríkìlà olówó ojúmọ́ kì í sábà mọ ibi tí yóò ti fi ẹjọ́ sùn.

Oòrùn náà kò sì rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tó ṣàyẹ̀wò ooru oṣù Kejì ọdún 2024 ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé lára èèyàn, ó dà bíi 50°C, àti pé ìyípadà ojú ọjọ́ ti fi nǹkan bí 4°C kún un. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó ló ń dá kún un: òógùn kì í gbẹ, ara kò sì rí ọ̀nà tutù. Ní ìparí oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Agbádó dé Oyíńgbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àtijọ́ yẹn.

Kí la lè ṣe? Ní Qatar, láti 2021, òfin kò gba iṣẹ́ ìta láyè láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán nígbà ooru. A lè má ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdájí, kí a sinmi bí oòrùn bá wà ní àtàrí, kí omi mímu àti ìbòòji sì wà níbi iṣẹ́. Kí ọ̀gá má ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹrù kíkún lọ́jọ́ kìíní, nítorí ara rẹ̀ kò tíì mọ́ ooru náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ̀rọ̀ ṣákálá nínú oòrùn, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ da omi sí i lára, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi ipá fún un lómi bí kò bá mọ ibi tó wà.

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Bàbá mi ti rí iṣẹ́ mìíràn. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n bi ọ̀gá ibẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo la ó máa sinmi?" Ọ̀gá náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló ní, "Aago méjìlá sí méjì." Bàbá mi kò tíì ṣubú mọ́.