Àmì Ìsàlẹ̀: Bí Lẹ́tà Wa Ṣe Rìn Dórí Fóònù

Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ tẹ orúkọ ìlú méjì yìí: Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ní Àkókó, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti tẹ "Ikare" àti "Oka", ẹ ti kọjá lọ. Ẹ má bínú, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Yorùbá sílẹ̀, lẹ́tà òyìnbó kò tó. Báwo lèèyàn ṣe máa ya "e" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ"? Láàárín ọdún 1850 sí 1860, ará Jámánì kan, Lepsius, dábàá pé kí wọ́n fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà tó ti wà, dípò kí wọ́n dá lẹ́tà tuntun sílẹ̀. Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á. Lọ́dún 1875, ìpàdé kan ní Èkó fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé náà múlẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Àfi ìgbà tí taípúráítà dé. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ lójú rẹ̀. Kí lèèyàn máa ṣe? Á tẹ "o", á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, á yí bébà sókè díẹ̀, á wá tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ rẹ̀. Bírò ló máa fi kọ àmì ohùn tó bá yá. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú ewé mẹ́wàá?

Kọ̀ǹpútà náà kó tirẹ̀ dé. Ètò Unicode, tó jáde lọ́dún 1991, ló ń fún lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà. Lónìí, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Vietnam, tó ń lo lẹ́tà kan náà, ló ṣí ọ̀nà fún wọn. Àmọ́ "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ní láti tẹ "ẹ", kí ẹ tún gbé àmì lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí àmì ohùn fi máa ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fóònù míì.

Èyí tó wá dun àpò jù ni àtẹ̀jíṣẹ́. Lẹ́tà 160 ni ẹyọ kan ń gbà. Nínú lẹ́tà tí wọ́n ṣètò fún un, à, è, ì, ò àti ù wà, nítorí èdè Yúróòpù. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹ bá fi ọ kan péré sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sínú ètò míì tí kì í gbà ju 70 lọ. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà 150 tó jẹ́ ẹyọ kan á di mẹ́ta. Ẹni tó wà ní Ìkàrẹ́, tó fẹ́ kọ orúkọ Ọ̀kà dáadáa, máa sanwó ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àìfi àmì sí i náà ní owó tirẹ̀. "Oko mi ti baje": ṣé ọkọ̀ ló dẹnu kọlẹ̀ ni, àbí ọkọ ló ya ìyàkuyà?

Àmọ́ nǹkan ti ń yàtọ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde. Gboard náà ní Yorùbá. WhatsApp kì í ka lẹ́tà gbowó. Ìdènà tó mú wa fi àmì sílẹ̀ ti ń lọ. Àṣà rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ wa. Torí náà, ẹ ṣí sẹ́tíńgì yín, ẹ fi Yorùbá kún èdè tó wà níbẹ̀, kí ẹ tún orúkọ ìlú méjèèjì tẹ̀. Ó dìgbà kan ná.