Ìpáàrà abẹ́ mọ́tò: Kí ẹ tó ra tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń wà ní Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ló ti wá. Nígbà òtútù, níbi bíi New York àti Michigan, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí máa ń ta sábẹ́ mọ́tò, irin á sì tètè dógùn-ún. Kò sí yìnyín ní Alímọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n òjò àti ẹrẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ìpáàrà náà sinmi.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì gbé mọ́tò náà sókè. Ẹ wo ṣáàsí àti páìpù bíréèkì. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà dúdú, ẹ fura: ọ̀dà lè bo ihò mọ́lẹ̀. Páìpù bíréèkì tó bá jò lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Èyí tẹ́ ẹ ti ń wà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá la àgbàrá kọjá, ẹ fi omi tó mọ́ fọ abẹ́ rẹ̀, kó sì gbẹ dáadáa. Kí wọ́n ha ìpáàrà kúrò kí wọ́n tó kun ọ̀dà tó ń dènà rẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ dí ihò tí omi ń gbà jáde. Irin tó bá ti lu, ọ̀rọ̀ wẹ́dà nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀dà mọ́.